Ẹ Tọ́jú Omi Ọsibítù Kó Tó Dé Gọ́tà

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò àìsàn tí oògùn ò ràn mọ́, ìyá tó ra kápúsù méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì ni gbogbo wa máa ń dojú ọ̀rọ̀ kọ. A ò ní kẹ́ ẹ má bá a wí o, lílo antibayọ́tíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, bó ṣe wù wá burú jáì, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn ò parí sọ́dọ̀ ẹ̀ rárá, ó tún wà nínú gọ́tà.

Aláìsàn gba abẹ́rẹ́ antibayọ́tíìkì ní wọ́ọ̀dù, ara ẹ̀ ò lè lo oògùn yẹn tán, èyí tó ṣẹ́kù á bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, tòun ti àwọn kòkòrò tí oògùn ò rí pa, gbogbo ẹ̀ á gba páìpù lọ sí sòkàwéè, sòkàwéè á kún, òjò á rọ̀, ó di gọ́tà, ó di odò. Inú omi yẹn làwọn kòkòrò ọ̀hún ti ń fún ara wọn ní ohun tí wọ́n fi ń borí oògùn, kódà àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Lọ́dún 2019, èèyàn tí wọ́n ṣírò sí mílíọ̀nù 1.27 ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pa láyé, ó sì lé ní 60,000 ní Nàìjíríà wa níbí! Àwọn ọlọ́sìn adìẹ náà kò gbẹ́yìn, wọ́n ń po antibayọ́tíìkì mọ́ omi adìẹ, ìgbẹ́ tútù àwọn adìẹ yẹn la tún ń dà sídìí ẹ̀fọ́.

Odò tá à ń wí yìí ò jìnnà sí wa: Odò Ìbù wà ní Ṣágámù, Odò Yemoji wà l'Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn wa ṣì ń lo omi odò.

Ohun tá a ń sọ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn má tún láísẹ́ǹsì ọsibítù kankan ṣe mọ́, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, tí kò bá lè fi ibi tó ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ẹ̀ hàn. Táǹkì tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú omi á ti silẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó wà, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó da kiloríìnì, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i, torí kiloríìnì ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tó ṣì dọ̀tí. Kò ní pa gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ á dín in kù gan-an. Àwọn tó ń wa mọ́tò tó ń fa sòkàwéè náà, tí wọ́n ń lọ tú u sínú igbó lóru, ẹ mú wọn.

Ní September 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí omi ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe antibayọ́tíìkì, torí náà kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò gbọ́ pé omi ìdọ̀tí ń dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Kí àwọn alága káńsù wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bẹ̀rẹ̀ lára ọsibítù tiwọn, kí wọ́n ṣí ìdérí sòkàwéè, ká jọ wo ibi tí omi ọ̀hún ń gbà lọ.