Ta Ni Ọ̀tá Ilé Bàbá Mi?

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Màmá Òṣogbo, wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa ní Ìbàfò. Bí wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀ ni wọ́n tú àpò wọn, wọ́n sì mú àádùn tí wọ́n fi ewé wé jáde fún àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí í máa jí àádùn jẹ nínú àpò mi bí mo bá rà á lójú ọ̀nà, kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní òun ti yó. Mo rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo bá a wí lójú Màmá, ojú sì tì mí. Ìgbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó bi mí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ó ń tú àṣírí, pé: "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe Màmá Òṣogbo ni ọ̀tá ilé bàbá mi?"

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní èmi ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé mi bí amòfin: bí Dádì bá ní "ilé bàbá mi", Òṣogbo ni ilé náà wà, Bàbá Àgbà ti kú, Màmá nìkan ló kù tó ń gbé ibẹ̀, àràárọ̀ ni a sì ń pariwo pé kí ọ̀tá ilé bàbá wa ṣubú kí ó kú. Ìdí nìyẹn tí òun kò fi gba àádùn. Kànìnkànìn tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ dúró sí mi lọ́wọ́.

Èmi ni mo ń darí àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé wa. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a máa ń jí, nítorí pé ọkọ mi gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí aago márùn-ún àbọ̀ tó lù, bí kò bá fẹ́ kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá a dúró kí ó tó dé Berger. Àwọn ọmọ á wọ́ aṣọ ìbora wọn wá sí pálọ̀, èyí àbúrò á sì ti sùn padà sórí kápẹ́ẹ̀tì kí a tó kọ orin tán. Èmi á ṣí fóònù mi, mà á sì máa ka kókó àdúrà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ aládùúrà tí mo wà lórí WhatsApp, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Nínú kókó mẹ́wàá, bóyá ọ̀kan ló jẹ́ ọpẹ́. Nínú gbogbo ìyókù, a ń lé ẹnìkan, a ń dá ọfà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta á, a ń sin ẹni tí ó fẹ́ sin wá. Ó dùn mọ́ mi pé ohùn ọmọ mi ń ròkè. Mo tilẹ̀ ti fi yangàn rí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi gbóná nínú àdúrà.

Àgbàlagbà tí ó ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ní lọ́kàn: ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ gbèsè, ó lè jẹ́ ẹ̀rù ọ̀la tí kò rí orúkọ fún. Ọmọdé kò mọ ìyẹn. Bí a ti sọ ọ̀rọ̀ ni ó ṣe ń gbọ́ ọ, ẹni tí ó bá sì súnmọ́ tòsí jù ni yóò gbé e lé lórí. Nínú ìwé Deutarónómì orí kẹfà, níbi tí Mósè ti ní kí àwọn òbí máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ àwọn ọmọ wọn, ìgbà mẹ́rin ni ó kà sílẹ̀: nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, àti nígbà tí a bá dìde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka ẹsẹ náà bí ẹni pé àṣẹ ni láti máa jí àwọn ọmọ ní ìdájí. Ohun tí mo wá ń rí nínú rẹ̀ báyìí ni pé ẹ̀kọ́ náà kò ní ọlidé; a fẹ́ o, a kọ̀ o, gbogbo ohun tí ó bá ń ti ẹnu wa jáde ni àwọn ọmọ ń kọ́, títí kan èyí tí a di ojú sọ. Èrò tèmi ni pé àdúrà ẹbí tí ó bá kọ́ ọmọ láti máa fura sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ ń jí di asán, bí ó ti wù kí a pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ tó.

Ó yẹ kí ó dùn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìtàn ẹbí tí ó tún ara rí wà lára ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ yìí láàárín àwa Yorùbá. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé, tí ogun sì tú ìyá àti ọmọ ká. Ó di 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọmọ ti padà wá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ní 1848, ọmọ náà ni ó ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀, Àfàlà, orúkọ tí ìyá sì gbà ni Hánà, gẹ́gẹ́ bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, nítorí pé Sámúẹ́lì ni ọmọ tirẹ̀ náà ń jẹ́.

Orúkọ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àádùn ti ṣẹlẹ̀. Ilé tí Hánà inú Bíbélì ń gbé kì í ṣe ilé àlàáfíà: lọ́dọọdún ni orogún rẹ̀, Pẹ̀nínà, ń fi àìrọ́mọbí pẹ̀gàn rẹ̀, títí tí oúnjẹ kò fi lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti pe ènìyàn ní ọ̀tá ilé, òun ni. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé iwájú Olúwa ní Ṣílò, ọmọ ni ó tọrọ, kò tọrọ ikú orogún. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Élì àlùfáà fi rò pé ọtí ni ó mu. (Bí Hánà bá wá sínú ẹgbẹ́ aládùúrà wa, ẹ̀rù ń bà mí pé a ó ní kò gbóná tó.)

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fa Sáàmù 35 àti 109 yọ sí mi, yóò sì bi mí bóyá Dáfídì kò gbàdúrà lòdì sí ọ̀tá. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti yẹ ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ rí ni, ó sì mọ orúkọ ẹni tí ń lé e. N kò fi àdúrà kíkan ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí a bí sínú ìjọ Aládùúrà. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa tọmọdé tàgbà, inú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn onígbàgbọ́ kan ti kóra jọ láti máa gbàdúrà, ibẹ̀ sì wà lára gbòǹgbò tí ìjọ Aládùúrà ti hù jáde. Àrùn ni wọ́n dojú àdúrà kọ. N kò sì sọ pé kò sí aṣebi láyé. Bí ohun kan bá ń lé àgbàlagbà, kí ó gbé e lọ síbi tí Jésù ní kí a gbé e lọ: kí ó wọ iyẹ̀wù rẹ̀, kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní ohun tí ó ń wá nínú iyẹ̀wù yẹn.

A ti yí nǹkan padà láti ìgbà náà, kì í sì í ṣe pé ó ń lọ geere. Alẹ́ ni a ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti ọkọ mi nìkan ni a sì ń jí ní ìdájí. Olúkúlùkù yóò dárúkọ ohun kan tí ó ń dúpẹ́ fún àti ènìyàn kan tí ó fẹ́ kí a gbàdúrà fún. A ó ka Sáàmù kúkurú kan, ó parí. Àpótí pẹ́ńsù rẹ̀ ni ọmọbìnrin wa ń dúpẹ́ fún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kò sì tí ì rí i yí padà. Ní àwọn alẹ́ kan, inú ọkọ̀ ni ọkọ mi ti ń bá wa ṣe àmín lórí fóònù, tí fèrè dáńfó ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn alẹ́ mìíràn, kò sí iná, ẹ̀fọn pọ̀, a kò sì ní ju Àdúrà Olúwa lọ. Èyí tí ó nira jù fún mi ni alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ní láti sọ fún ọmọkùnrin yìí, níwájú Ọlọ́run àti níwájú àbúrò rẹ̀, pé ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ ní ọ̀sán kò tọ́ sí i, nítorí pé àbúrò ló da omi sórí ìwé náà. Ó ní kò burú. N kò rántí pé mo gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkọ mi ṣì ń sọ pé mo fẹ́ sọ àwọn ọmọ di onígbàgbọ́ tútù. Ó ní kò burú, òun ń wò mí.

N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Màmá Òṣogbo títí wọ́n fi lọ. Àádùn náà ni ọmọ jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti jókòó tì í tí mo sì là á yé e pé èmi ni mo ṣì í sọ. Ní oṣù tó kọjá, a gbọ́ pé orúnkún ń dun Màmá, tí àlọ àti àbọ̀ ọjà fi di ìṣòro fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó kan ọmọkùnrin wa, ó ní, "Ọlọ́run, jọ̀ọ́ bá wa wo orúnkún Màmá Òṣogbo sàn." Ó dákẹ́, ó la ojú: "Mọ́mì, èwo nínú méjèèjì?" Mo ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó ní òun náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. A bá pe Màmá lórí fóònù, ní aago mẹ́jọ alẹ́. Orúnkún òsì ni. Ó tún ojú rẹ̀ dì.