Ejò Ò Lọ́wọ́ Nínú Ọ̀rọ̀ Cobra

Bí ọ̀rọ̀ bá rúni lójú, Yorùbá á ní ejò lọ́wọ́ nínú. Àwọn atukọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu wọn nìyẹn lọ́dún 1901. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ ogun wọn kan tó ń jẹ́ Viper forí sọ àpáta nínú kùrukùru nítòsí erékùṣù Alderney. Kò pé oṣù méjì sí i, ọkọ̀ ogun Cobra bá Òkun Àríwá lọ. Àwọn àgbà inú wọn tún rántí Serpent, tó kọlu àpáta létí òkun Sípéènì ní 1890, tó jẹ́ pé nínú èèyàn 176, mẹ́ta péré ló yè é. Orúkọ ejò ni ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Ejò mẹ́ta, òfò mẹ́ta. Wọ́n ní orúkọ ni.

Àwa náà gbà pé orúkọ ń roni. Ṣùgbọ́n ti Cobra yìí, a ò gbà. Àwọn tó rà á ni ká bi.

Láti 1893 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ Yarrow sọ Havock sómi ní Poplar, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni àkọ́bí àwọn ọkọ̀ ogun destroyer ilẹ̀ náà, wọ́n sì ṣe é kó lè máa lé àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń yin tọ́pídò, ohun ìjà abúgbàù tó ń gba abẹ́ omi lọ. Nọ́ọ̀tì 26 ló ń sá (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ ojú omi). Kò pẹ́ tí eré sísá fi di òrìṣà tí gbogbo wọn ń bọ. Bí ọkọ̀ ò bá sáré tó iye tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, ẹni tó kàn án ló máa fara gbá a. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdánwò, èédú tí wọ́n ṣà lẹ́sà ni wọ́n ń kó sínú iná, àwọn géńdé tó mọwọ́ iṣẹ́ ló ń kó o, wọ́n á sì dín ẹrù inú ọkọ̀ kù. Ìgbà tí wọ́n bá gbà á tán ni ẹrù tòótọ́ àti ìgbì tòótọ́ tó dé.

Ní ti Cobra, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ ṣe é. Iléeṣẹ́ Armstrong Whitworth kàn án kalẹ̀ létí odò Tyne, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wá oníbàárà. Ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì tuntun, èyí tí ooru omi gbígbóná ń yí, ti iléeṣẹ́ Parsons ló wà nínú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ onírin méjìlá ló ń tì í lábẹ́ omi, eré rẹ̀ sì ju nọ́ọ̀tì 34 lọ. Ta ni ò ní wù? Admiralty, àwọn tó ń ṣàkóso ọkọ̀ ogun ọba, sanwó rẹ̀ ní 1900.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1901, ó ṣí ní Tyne, ó ń lọ Portsmouth pẹ̀lú èèyàn 79. Òkun ru mọ́jú. Nígbà tó lé díẹ̀ ní aago méje àárọ̀, lọ́wọ́ Outer Dowsing, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi kan nínú òkun tó kọjú sí Lincolnshire, ó kán sí méjì. Ẹni tó bá ti gba orí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá gọ́tà rí, tó dé àárín tó gbọ́ tó dún kẹ̀ẹ̀, yóò mọ bó ṣe rí: ìgbì gbé iwájú, ìgbì gbé ẹ̀yìn, àárín ò rí nǹkan gbára lé. Èèyàn méjìlá ló ráyè há ara wọn sínú ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ kan. Àwọn 67 tó kù ṣègbé, ọ̀gá ọkọ̀ náà, Alan Bosworth Smith, wà nínú wọn, àti Robert Barnard tó jẹ́ máníjà iléeṣẹ́ Parsons.

Lóṣù Kẹwàá, àwọn tó yè ni wọ́n kó lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun ní Portsmouth. Àṣà wọn nígbà náà ni: bí ọkọ̀ bá rì, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre. Ó ní ọkọ̀ náà ò gun ilẹ̀, kò sì kọlu ohunkóhun; ara rẹ̀ ni ò le. Ó tún ní Cobra ò lágbára tó àwọn destroyer yòókù, àti pé ó jẹ́ ohun àbámọ̀ pé wọ́n rà á rárá. Ká rí ológun tó máa sojú abẹ níkòó bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, kò wọ́pọ̀. Títí dòní ṣì làwọn kan ń sọ pé bóyá ó gbá nǹkan tó léfòó. Lójú tiwa, ìdájọ́ náà tọ̀nà, ibi tó dúró sí ló kù díẹ̀ káàtó. Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n rà á? Ẹni tí òkun pọ̀ jáde ń rojọ́, ẹni tó sanwó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fi owó ìlú ra ohun tí èèyàn máa wọ̀, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró níwájú adájọ́ tó bá fọ́, kó sì sọ bó ṣe dán an wò pẹ̀lú ẹrù nínú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n gbé destroyer mìíràn, Wolf, sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n fi nǹkan tì í lábẹ́ ní àárín, wọ́n tún tì í ní iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n ń wọn bí irin rẹ̀ ṣe ń tẹ̀. (Wolf, ìkookò ni, ó jọ pé orúkọ ẹran yẹn ò dẹ́rù bà wọ́n.) Kí ló dé tí wọn ò ṣe èyí fún Cobra kí owó tó jáde? Àwọn destroyer tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń fi orúkọ odò pè, nọ́ọ̀tì 25 àti ààbọ̀ péré ni wọ́n ní kí wọ́n sá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹrù lára. Iwájú wọn ga, wọ́n sì ń rin inú ìgbì tí àwọn asáré àtijọ́ ò tó bẹ́ẹ̀ wọ̀.

Ní 1910 wọ́n tún sọ destroyer kan sómi, wọ́n sọ ọ́ ní Rattlesnake. Ejò olóró ni, gbogbo wọn sì mọ̀. Ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní já, ó sì délé láyọ̀. Ní 1921 ni wọ́n tà á fáwọn tó ń tú irin.