Yàrá fàájì mi tó di ibi ìsá-gbodo

Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí yàrá onígíláàsì tí mo ṣe sẹ́yìn ilé wúlò fún. Wọ́n wá láti Ẹ̀pẹ́ ní oṣù kejì ọdún, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n sì gbé e padà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ààrò lo kọ́ ni?" Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì káàkiri ilẹ̀, wọ́n ti sá gbodo lé e lórí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí pé kí n wá gbọ́. Wọ́n mú méjì, wọ́n fi ọ̀kan gbá èkejì, ó dún kókókó bí igi. "Láyé mi, n ò tíì rí ibi tí gbodo ti yá a gbẹ tó báyìí. Ewúrẹ́ ò sì lè débẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Owó kékeré kọ́ ló wọ yàrá yẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Manchester ni mo ti rí irú ẹ̀. Kọnsáfítọ́rì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún: yàrá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé, gíláàsì lọ́tùn-ún, gíláàsì lósì, òrùlé rẹ̀ gan-an èèyàn ń rí ojú ọ̀run. Oṣù kọkànlá ni mo lọ. Òtútù ń pani níta, àwa jókòó sínú oòrùn, à ń mu tíì, mo tiẹ̀ bọ́ kóòtù mi. Mo ní tí mo bá dé Ìkòròdú, èmi náà á ṣe é. Bàráńdà kan wà lẹ́yìn ilé mi tí kò jìnnà sí Èbúté, létí ọ̀sà. Mo ní kí wọ́n yọ páànù orí ẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò, mo wá fi wíńdò onísíláìdì yí i ká. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ ju pé á rẹwà lọ. Kò purọ́, ó rẹwà.

Mi ò bi ara mi pé kí ló ń jẹ́ kí yàrá ẹ̀gbọ́n mi móoru. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú gíláàsì kọjá láìsí wàhálà. Á bọ́ sórí táìlì, á bọ́ sórí àga, àwọn yẹn á gbóná. Ooru tí wọ́n wá ń tú jáde kì í ṣe irú èyí tí gíláàsì ń jẹ́ kó kọjá, afẹ́fẹ́ tó gbóná náà ò sì rí ibi sá gbà. Àwọn tí òtútù ń bá fínra ló kọ́ ọ, oòrùn ni wọ́n ń fi í mú bí ẹni dẹ pańpẹ́. Àwọn náà sì ń sá fún un: ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá ti di oṣù keje, àwọn máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa ni. Àwa tí oòrùn ò wọ́n lọ́dọ̀ wa, kí la fẹ́ fi pańpẹ́ ẹ̀ ṣe?

Oòrùn tiwọn kì í tiẹ̀ dé àárín òkè orí wọn láéláé, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà kọjá. Tiwa níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àtàrí wa gan-an ló máa ń dúró sí lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òrùlé tó mọ́ gaara yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Aago ògiri mi kan máa ń ka ooru. Lọ́jọ́ kan ní aago méjì ọ̀sán, ó ka 34 níta, ó ka 43 nínú yàrá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé owó. Fáànù àjà: atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́ sí wa lójú. Kọ́tìnì tó nípọn: oòrùn ti wọlé tán kí kọ́tìnì tó rí i, ooru wá há sáàárín òun àti gíláàsì. Mo lẹ tíńtì, ó ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Mo kà á níbì kan pé kéèyàn da omi sílẹ̀, mo dà á. Ọ̀rinrin Ìkòròdú pa pọ̀ mọ́ ti omi, àfi bíi pé wọ́n dì wá sínú ewé mọ́ínmọ́ín. Ẹ́síì ṣiṣẹ́ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ owó iná tá à ń lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò gbé wa ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ mọ́.

Kápẹ́ńtà àgbà kan tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe ló là mí lójú. Wọ́n wo kọ́tìnì yẹn, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ìta lẹ ti ń dá olè dúró, ẹ kì í dúró dìgbà tó bá wọ yàrá." Wọ́n ní kí n ra ẹní, kí n fi kọ́ sí ìta gíláàsì lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀, kí n fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Mẹ́ta péré ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì tí ẹní bò, mo tún gbé e lé èyí tí kò bò. Èkejì yìí, mi ò lè ka ení dé èjì kí n tó yọwọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ooru tó bá ti kọjá gíláàsì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo dá páànù gidi padà sórí ẹ̀, mo sì fi sílíìnì sábẹ́ ẹ̀. Mo yọ síláìdì apá ibi tí ọ̀sà wà, nítorí wíńdò yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣí apá kan, apá kejì ló máa lọ bò, ìdajì lafẹ́fẹ́ ń rí. Lúfà àtijọ́ tá à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni mo fi síbẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n lu ihò sókè lábẹ́ òrùlé, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ooru tó bá gòkè lè rí ọ̀nà jáde. Ohun tó dùn mí jù rèé: atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wá lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀sán títí di alẹ́, èmi ni mo fowó ara mi ra gíláàsì dí i.

Mo gbin ùgù sí ìdí ọ̀pá tí a so ẹní mọ́. Ó ti gùn ún dé òkè, à ń jẹ ewé ẹ̀, ibòji ẹ̀ sì tutù ju ti ẹní lọ. Aago yẹn ò kà ju 35 lọ lọ́sàn-án mọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, láàárín aago méjì sí mẹ́rin nínú oṣù kẹta, mi ò kí ń jókòó níbẹ̀. Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé dára jù ú lọ.

Mo ń rí ilé tuntun ní Ìkòròdú níbí, láti Ágríìkì títí dé Sábó, gíláàsì látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ ṣeé ṣí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, owó yín ni. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín pé níbo ni oòrùn ń wọ̀ sí lára ilé yẹn. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì sanwó.

Ìyá mi pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti ra iṣu sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn.