"Obìnrin Kò Lè Kọ Ọkọ": Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Ti Di Irọ́

Ní Nyanya àti Kubwa ní Àbújá, títí dé Sabon Gari ní Kano, ibi tí Yorùbá Mùsùlùmí bá ti pọ̀ lókè ọya, gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu: "Ọwọ́ ọkùnrin ni yìgì wà. Bí kò bá tú u, obìnrin á kú síbẹ̀ ni." Ìyá ọkọ ń sọ ọ́, àfáà àdúgbò ń sọ ọ́, obìnrin tí ìyà ń jẹ nílé ọkọ náà sì gbà á gbọ́.

Ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Ọkọ lè fi ẹnu kọ ìyàwó láìdé kóòtù. Ìyàwó kò lè fi ẹnu tirẹ̀ kọ ọkọ. Bó fi "mo kọ̀ ọ́" ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp nígbà ogún, yìgì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹnu nìkan la fi ń tú yìgì?

Súrà Bákárà, àáyà 229, sọ pé bí ẹ̀rù bá ń bà wá pé tọkọtaya ò ní lè pa ààlà Ọlọ́hun mọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn méjèèjì nínú ohun tí ìyàwó bá fi ra ara rẹ̀ padà. Ìyàwó Thabit ọmọ Qays, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, tọ Ànábì lọ, ó ní òun ò bá ọkọ òun wí lórí ìwà tàbí ẹ̀sìn, òun kàn ò lè bá a gbé ni. Ànábì bi í bóyá yóò dá ọgbà tí ọkùnrin náà fún un padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì ní kí Thabit gba ọgbà rẹ̀, kó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Khul'u nìyẹn.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni pé khul'u nìkan ni ọ̀pọ̀ gbọ́ rí. Obìnrin tí ọkọ ò fún lówó oúnjẹ fún ọdún méjì á máa yá owó kiri láti dá sàdákì (ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí ọkọ fún un) padà, nígbà tí kò yẹ kó san kọ́bọ̀. Khul'u wà fún ẹni tí ilé ọkọ sú láìsí ẹ̀bi ọkọ. Bí ẹ̀bi bá wà lọ́rùn ọkọ, àdájọ́ fúnra rẹ̀ ló máa tú yìgì ká, láìjẹ́ pé obìnrin san kọ́bọ̀ fún ọkọ. Nínú ìlànà Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí àwọn kóòtù lókè ọya ń tẹ̀lé, obìnrin tó ti san owó khul'u, tó wá fi ẹ̀rí hàn pé ìyà ló lé òun jáde, lè gba owó rẹ̀ padà, yìgì á sì wà ní títú.

Àwọn ẹ̀bi wo? Àìgbọ́ bùkátà ló wọ́pọ̀ jù: oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé. Àdájọ́ á fún ọkọ ní gbèdéke láti ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí gbèdéke bá pé tí nǹkan ò yí padà, yìgì tú. Lílù àti èébú wà níbẹ̀. Wèrè àti ẹ̀tẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọkọ tó jẹ́ akúra, tí kò bá ìyàwó ṣe rí látìgbà tó fẹ́ ẹ, á gba ọdún kan láti wá ìwòsàn, a ó sì ka ọdún náà láti ọjọ́ tí àdájọ́ bá dá a fún un, kì í ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá ti bá a ṣe lẹ́ẹ̀kan péré kó tó kú akúra, ẹ̀tọ́ yẹn kò sí mọ́.

Ti ọkọ tó rìnrìn àjò ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Wọ́n á ní kí obìnrin dúró ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin wà fún ọkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè, kóòtù ló sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá wá a tì. Lẹ́yìn náà ni obìnrin á ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tó wà ní Libya, tó ń gbé fọ́tò sórí Facebook, tí kò fi owó ránṣẹ́, kò sọnù. Ẹjọ́ àìgbọ́ bùkátà ni tirẹ̀, kò sì sí ìdí láti dúró ọdún mẹ́rin dè é.

Ní Àbújá, Area Court ni kí obìnrin lọ; ní Kano tàbí Sókótó, kóòtù Sharíà. (Àwọn ẹbí tó ń pè láti Ìbàdàn pé "kò sí irú kóòtù bẹ́ẹ̀" ń sọ ti ìlú tiwọn.) Á bá akọ̀wé kóòtù, á sọ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, á san owó ìwé, òṣìṣẹ́ kóòtù á sì gbé ìwé ìpè lọ fún ọkọ. Bí ọkọ bá ń sá fún ìwé, kóòtù lè pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣọ́ ohun tó o bá sọ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Bó o bá ní "mi ò fẹ́ ẹ mọ́" nìkan, khul'u ni wọ́n máa kọ. Sọ ẹ̀bi náà: oṣù tó fún ọ lówó kẹ́yìn, ọjọ́ tó lù ọ́, ilé ìwòsàn tó o lọ.

Ẹlẹ́rìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́. Obìnrin á ní inú yàrá ló ti ń lu òun, ta ló rí i? Ìlànà Màlíkì gba ìròyìn tó ti kárí àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìyà: àwọn ará ilé àti aládùúgbò tó ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo lè wá jẹ́rìí. Bí ẹ̀rí ò bá tó, tí ìjà ò sì tán, àdájọ́ á yan onílàjà méjì, ọ̀kan láti ìdílé ọkọ, ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó, bí Súrà Nísáà, àáyà 35, ṣe wí. Lọ́dọ̀ àwọn Màlíkì, àwọn méjèèjì yìí lè tú yìgì bí ọkọ tilẹ̀ kọ̀. Ẹni tí ìdájọ́ ò bá tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kọ́tẹ́milọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà lè dé Kóòtù Kọ́tẹ́milọ́rùn Sharíà, tí abala 260 àti 275 ìwé òfin 1999 fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Bó bá jẹ́ khul'u lóòótọ́, sàdákì ni kí ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iṣu, epo, àpótí aṣọ àti owó ọlọ́jọ́ ìdáná. Má gbé owó fún ìyá ọkọ. Ojú kóòtù, tàbí ojú ẹlẹ́rìí méjì, ni kó ti gbà á, kó sì sọ pé òun gbà. Má sì jẹ́ kó fi ìtọ́jú ọmọ dí owó: lábẹ́ Màlíkì, ìyá ló ni ìtọ́jú ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti ti obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ, àyàfi bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn. Bàbá ló ń bọ́ wọn.

Lẹ́yìn khul'u, ọkọ kò lè gbà ọ́ padà àfi pẹ̀lú yìgì tuntun àti sàdákì tuntun. Ṣùgbọ́n bó jẹ́ nítorí àìgbọ́ bùkátà ni àdájọ́ fi tú u, tí ọkọ sì rí owó kí opó ìkọ̀sílẹ̀ (àkókò tí obìnrin fi ń dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn) tó parí, ó lè gbà ọ́ padà. Opó náà jẹ́ ìmọ́ mẹ́ta láàárín nǹkan oṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tí kì í rí i mọ́, títí di ìbímọ fún aláboyún. Yìgì tí wọ́n bá so pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn kí ó tó parí kò dúró.

Kí ìyàwó tó jáde nílé ọkọ lọ kóòtù, kó wo inú àpótí ìwé rẹ̀. Bí ìwé ìgbéyàwó registry bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti mọ́sálásí, kí ó mọ̀ pé Area Court kò lè tú ìgbéyàwó registry. Òfin Matrimonial Causes ti 1970 ló ń darí rẹ̀, High Court sì ni ilé ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó tú ti mọ́sálásí nìkan, tó wá fẹ́ ẹlòmíràn, ṣì jẹ́ aya ọkọ àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin ìjọba.