Ta ló ní orin ẹ̀fẹ̀ kì í tọrọ àṣẹ?

Ẹni tó bá ti ń bá àwọn aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì rìn yóò ti gbọ́ ọ rí: "Ẹ̀fẹ̀ la fi ṣe, òfin fàyè gbà á, a ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni." Wọn a mú ohùn orin olórin, wọn a da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nù, wọn a fi tiwọn rọ́pò, ó parí. Orúkọ tí wọ́n sì fi ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ni ti "Weird Al" Yankovic, ará Amẹ́ríkà tó ti sọ irú orin yìí di iṣẹ́ ààyò rẹ̀ láti ìgbà èwe. Wọ́n á ní ṣebí òun náà ń ṣe é, ta ló mú un?

Ẹni tí wọ́n fi ń jẹ́rìí yìí gan-an ló tako wọn jù. Ẹ wo The Saga Begins, tó jáde lọ́dún 1999.

Ohùn American Pie ló fi kọ ọ́, orin tí Don McLean gbé jáde lọ́dún 1971, tó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, tó bẹ̀rẹ̀ látorí ikú Buddy Holly, olórin rọ́ọ̀kì kan, nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú lọ́dún 1959. Ìtàn inú ti Yankovic, fíìmù Star Wars ti ọdún 1999 náà ni, The Phantom Menace. Bíi pé Obi-Wan Kenobi, ọ̀kan lára àwọn akọni inú fíìmù náà, ló ń rò ó fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí McLean ti ń dárò nínú ègbè, Anakin ni Yankovic ń sọ níbẹ̀, ọmọ kékeré tí yóò padà di Darth Vader, ọ̀daràn ńlá inú Star Wars. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ti kọ ọ́ tán kí fíìmù tó dé sinimá! Ó ṣa ìtàn náà jọ látinú ohun tí àwọn olólùfẹ́ Star Wars ń tú síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá lọ sí àfihàn kan tí wọ́n fi ń kówó àánú jọ, kó lè mọ̀ bóyá òun ṣìnà. Díẹ̀ báyìí ló tún ṣe.

Àmọ́ kó tó gbé e jáde, ó tọrọ àṣẹ. McLean gbà, àwọn tó ni Star Wars náà gbà. Orúkọ McLean wà lára àwọn tó kọ orin náà. McLean tiẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ òun ń gbọ́ ọ nílé débi pé ọ̀rọ̀ Yankovic ló máa ń sọ sí òun lọ́kàn bí òun bá wà lórí ìtàgé.

Kí wá ni òfin Amẹ́ríkà sọ? Ẹjọ́ tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ni ti 2 Live Crew, ẹgbẹ́ ráàpù láti Miami, tó fi Oh, Pretty Woman ti Roy Orbison ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dún 1989. Acuff-Rose, ilé iṣẹ́ tó ni orin náà, kọ̀ fún wọn, wọ́n sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1994, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní títà tí wọ́n ta á nìkan kò tó láti dá wọn lẹ́bi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kà dé tí wọ́n fi ń pa ìwé dé. Ilé ẹjọ́ kan náà fìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó mú orin kan láti fi orin náà fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àti ẹni tó kàn yá ohùn orin láti fi sọ nǹkan mìíràn. Ti àkọ́kọ́ ní àwíjàre, torí èèyàn ò lè sín orin jẹ láìmú lára rẹ̀. Ẹnì kejì ní láti sọ ìdí tó fi jẹ́ orin olórin ló yá. Wọn ò tiẹ̀ dá 2 Live Crew láre tán: ẹjọ́ padà sílé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Nínú méjèèjì, ibo ni The Saga Begins wà? Kò sọ nǹkan kan nípa American Pie. Ohùn ló yá láti fi rò fíìmù. Ká ní Yankovic ò tọrọ àṣẹ ni, ẹnì kejì yẹn ni ì bá jẹ́ ní kóòtù. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀wọ̀ fún àwọn olórin wà lára ìdí tóun fi ń tọrọ, mo sì gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ẹ rántí Yoda, orin Star Wars tó kọ́kọ́ fi ohùn Lola ti ẹgbẹ́ The Kinks kọ. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, àmọ́ torí pé kò rí àṣẹ gbà, kò lè fi sínú àwo títí di ọdún 1985. Ìgbà tó pàdé Ray Davies tó kọ Lola lojúkojú ló tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi ọkùnrin náà rí! Bí ẹ̀fẹ̀ ò bá nílò àṣẹ lóòótọ́, kí ló ń dúró dè?

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà tọdún 2022 náà dárúkọ irú ẹ̀fẹ̀ yìí lára ohun tó fàyè gbà. Ṣùgbọ́n ó ní kó jẹ́ ìlò tó tọ́: wọ́n á wo ìdí tí ẹ fi mú un, bí èyí tí ẹ mú ti pọ̀ tó, àti bóyá ó ń pa ọjà olórin lára. Ohùn orin nìkan sì nìyẹn. Yankovic àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn ta gìtá, lu ìlù, kí wọ́n tó gba orin náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ki orin tí olórin gbà sílẹ̀ gan-an bọ inú fídíò rẹ̀ ti kan ẹ̀tọ́ mìíràn, ti ẹni tó ni àgbàsílẹ̀ náà, àṣẹ méjì ló sì yẹ kó máa wá.