Ẹ Dá Àmì-Ẹ̀yẹ Ilé-Ìkàwé Padà fún Àwọn Ọlọ́dún Kìíní

Ìpinnu tí àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ ilé-ìkàwé fún iṣẹ́ ìwádìí tó tayọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní, kí wọ́n sì gbé e fún àwọn tó fẹ́ jáde, kò tọ̀nà. Àlàyé wọn ni pé jáńbáìtì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kò tíì mọ ìwádìí ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ ta ni láti kọ́ ọ?

Àìmọye ìgbà ni a ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí pé ọdún kìíní gan-an ni àdàkọ ti ń wọ ọmọ lẹ́wù. Ẹ̀kọ́ lílo ilé-ìkàwé wà lára GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn tí èrò kún fọ́fọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọ́ ọ, láìfọwọ́ kan ìwé kankan. Nígbà tí pírójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn bá dé, ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà lẹ́nu géètì ni wọ́n ń gbà lọ, níbi tí iṣẹ́ ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀, tó ku kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ. Ṣé ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbé àmì-ẹ̀yẹ lọ?

Ohun tó mú ẹ̀bùn yìí yàtọ̀ ni pé kì í ṣe èdè dídùn nìkan ló ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bó ṣe rí àwọn ìwé tó lò, ìdí tó fi gba ọ̀kan gbọ́ tó sì kọ èkejì, àti ibi tí ọ̀rọ̀ oníwèé parí sí kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí ìkòkò mímọ ní Ìsàn-Èkìtì kò lè rí gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò bi olùtọ́jú ilé-ìkàwé léèrè, yóò tú ìwé àtijọ́, yóò sì lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń mọ ọ́n. Ẹni ọdún méjìdínlógún tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí ó tún ra iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa í sọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a mọ̀ sí Orísun Ìmọ̀ nígbà kan kò yẹ kó máa bẹ aláṣẹ kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ ìwé ṣe ìwádìí. Kí wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ náà padà kí sáà tuntun tó wọlé, kí àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé sì wà lára àwọn tí yóò yẹ iṣẹ́ wò. Bí wọ́n bá fẹ́ fún àwọn tó fẹ́ jáde ní ẹ̀bùn, kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀.