Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Eré Sísá

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ òwe yìí, wọ́n rò pé ọ̀lẹ ni àwọn àgbà ń gbè lẹ́yìn. Ó tì o. Ẹni tó ń fi ẹ̀sọ̀ sáré lè máa sá a fún ogún ọdún. Ẹni tó fi ipá bẹ̀rẹ̀, kí oṣù kẹta tó pé, ó ti ń tiro.

Ohun tó fà á rèé. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ eré sísá, ọkàn àti èémí ló kọ́kọ́ ń mọ́ ọn lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ á rí i pé òun ò dúró sinmi mọ́. Inú rẹ̀ á dùn, á sì fi kún un. Ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù lórí oṣù ni wọ́n fi ń le. Egungun tilẹ̀ ní ìwà kan: bí ẹsẹ̀ bá ti ń gbá ilẹ̀ léraléra, ara á kọ́kọ́ kó èyí tó ti gbó kúrò, kó tó fi tuntun dí àyè rẹ̀. Kó tó le sí i, á kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni èémí ń tan èèyàn pé kó máa ṣe é lọ, ni ojúgun bá sán.

Nítorí náà, jókòó lálẹ́, fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ láti ìsàlẹ̀ orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìrora náà bá tàn ká ẹran, dín eré kù. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo lórí egungun, tí kò ju orí ìka lọ, tó sì ń dùn ọ́ kódà nígbà tó o bá dúró jẹ́ẹ́, má sáré mọ́ títí dókítà yóò fi wò ó. Pé o ti sanwó ìdíje kò kan egungun.

Báwo wá la ṣe ń mọ ìwọ̀n ẹ̀sọ̀? Ẹnu la fi ń mọ̀ ọ́n. Bó o bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ bó o ṣe ń sáré, o wà lójú ọ̀nà, bó sì ṣe yẹ kó rí lọ́pọ̀ ọjọ́ nìyẹn. Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà tó sá kìlómítà 42.195 ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní Vienna lọ́dún 2019, a máa rọra sáré jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ iṣẹ́ líle. Ta wá ni èmi àti ìwọ?

Ohun tó ń pa ayọ̀ eré jù, lójú tèmi, ni fífi ara ẹni wé ẹlòmíì. Ìka ò dọ́gba. Ẹni tó ń fi ibi tó sá dé hàn ọ́ lórí fóònù kò fi iye wákàtí tó sùn hàn ọ́. Fi aago sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì wá ẹni tẹ́ ẹ jọ lè máa tàkúrọ̀sọ lọ́nà.

Oúnjẹ ńkọ́? Jẹun tó. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró nítorí eré àti oúnjẹ tí kò tó, kó má ṣe rò pé ara òun ti le: egungun rẹ̀ ló ń jìyà, kó tètè rí dókítà.

Bí ibà bá dá ọ dúró, má sáré títí ara á fi tutù. Ọjọ́ tó o pàdánù kì í ṣe gbèsè, má sá eré ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tí ò tó tìṣáájú ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, bí ara bá sì gbà á, kó o fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.